Bàálù Kékeré Inú Ọjà Tamale

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òwe yìí sọ́kàn bí ẹ ti ń bá mi lọ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ti ọba. Ìtàn nǹkan ìṣeré ni: bàálù kékeré kan tí apá rẹ̀, láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, fi díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 12. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ni a tò ó pọ̀ nínú ọjà àárín ìlú Tamale, ní àríwá ilẹ̀ Ghana, ní ọdún 1969. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ohun kan tí mo ṣe sí bàálù náà wà lọ́kàn mi fún ọdún márùndínláàádọ́ta kí n tó lè jẹ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ó ti dé Tamale, ó sì ti ní ìsọ̀ nínú ọjà kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tí kò mọ Ghana ayé ìgbà náà lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni Yorùbá ń wá ní ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Òwò ni. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Ghana ní ọdún 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjà ńlá kan tí a kì í ti í gbọ́ èdè wa. Ní ti Tamale, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan, J. S. Eades, ṣe ìwádìí nípa wọn, ó sì kọ ìwé kan tí ó jáde ní 1993, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Strangers and Traders. Àjèjì àti oníṣòwò: bí àwọn ẹlòmíràn ti ń rí wa nìyẹn. Wọ́n a tún máa pè wá ní ará Lagos, bí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ fi ojú kan Lagos rí.

Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń tà: táyà àti túùbù, ṣéènì, pẹ́dà, agogo, iná iwájú, àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí a ń pè ní sípóòkù. Ilẹ̀ Tamale tẹ́jú, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ púpọ̀. Olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ilé-ìwé, àgbẹ̀ ń gùn ún lọ sí oko, àwọn obìnrin pẹ̀lú ń gùn ún wá sí ọjà. Níwájú ìsọ̀ wa, lábẹ́ igi dóńgóyárò, ni bàbá àgbà kan, ọmọ Dagomba, ti ń kun kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó. M ba ni gbogbo wa ń pè é, èyíinì ni “bàbá mi” ní èdè Dagbani. Bí a bá kí i ní òwúrọ̀ pé “Dasiba,” yóò dáhùn pé “Naa,” ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní í kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Yóò fi ìwé oníyanrìn ha ìpẹtà kúrò lára irin, yóò fi ọ̀dà dúdú kùn ún, yóò gbé e sí ibi tí eruku kò dé. Nígbà tí ó bá gbẹ tán ni yóò wá ránṣẹ́ sí ìsọ̀ wa pé kí a mú tíráńsífà wá.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní mọ sítíkà, èyí tí ènìyàn ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ibikíbi. Tíráńsífà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé tí a ti fi gọ́ọ̀mù ra. Bí a bá rẹ ìwé náà sínú omi, gọ́ọ̀mù yóò yọ́, àwòrán yóò sì máa yọ̀ lórí ìwé bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Òun ni ó wà lára kẹ̀kẹ́ tí ó ń fi orúkọ ẹni tí ó ṣe é hàn. Irú iṣẹ́ kan náà ni òdòdó tí ẹ ń rí lára ọ̀pọ̀ àwo táńganran, àfi pé a ó fi iná sun ti àwo kí ó má baà ṣí mọ́ láéláé. Àwòrán ti kẹ̀kẹ́ wà ní ìsọ̀ wa, ìwé lẹ́tà láti A dé Z àti oókan dé ẹ̀sán sì wà pẹ̀lú fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí orúkọ ara rẹ̀ wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi kò fẹ́ kí n máa rìn kiri nínú ọjà lẹ́yìn ilé-ìwé, nítorí náà ó fi mí sọ́dọ̀ M ba. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ M ba, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ mi tí a sì jọ wà ní kíláàsì kan. Òfin márùn-ún ni M ba fún wa. Èkíní, ojú ibi tí a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó sì máa dán. Bí ọ̀dà bá rí ṣákiṣàki, afẹ́fẹ́ yóò há sábẹ́ àwòrán, yóò sì máa kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja. Èkejì, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí a lò. Kí a rẹ ìwé sínú rẹ̀, kí a ka ogún, kí a yọ ọ́, kí a sì dúró títí gọ́ọ̀mù yóò fi jọ̀wọ́ àwòrán fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èékánná họ ọ́ ti bà á jẹ́. Ẹ̀kẹta, a kì í gbé àwòrán sókè. Sísún ni à ń sún un kúrò lórí ìwé bọ́ sí orí irin tí a ti fi omi tó. Ẹ̀kẹrin, a ó fi òwú rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí omi àti afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ó bá gbẹ tán, a ó fi fánííṣì bò ó. M ba kì í na ọmọ tí ó bá ṣe àṣìṣe. Yóò kàn ní, “Gbé ìwé mìíràn, àmọ́ lọ sọ fún bàbá rẹ pé ìwọ ni o bá ti àkọ́kọ́ jẹ́.” Mo ti ṣe olùkọ́ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò sì tíì rí ìjìyà tí ó kọ́ ọmọ ní ìtọ́jú ju ìyẹn lọ.

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ wa kan tí ó ti òkè òkun wá ń múra àtilọ sí ìlú rẹ̀. Mo ṣe dáadáa nínú ìṣirò, ó sì fún mi ní àpótí pẹlẹbẹ kan ní ẹ̀bùn. Àwọn ẹ̀yà bàálù ni ó wà nínú rẹ̀, tí a ó fi gọ́ọ̀mù tò pọ̀. Tiger Moth ni orúkọ bàálù náà. Ní 1931 ni èyí tí ó tóbi, tí ènìyàn ń wọ̀, kọ́kọ́ fò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lára rẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn awakọ̀ òfurufú ti kọ́ iṣẹ́ nígbà ogun àgbáyé kejì. Apá ìpele méjì ni ó ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó wẹ́wẹ́ láàrin wọn. Ní ìgbà tí bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, igi àti aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe é; apá méjì tí òpó àti wáyà so pọ̀ lágbára ju ẹyọ kan lọ, kò sì wúwo.

Bàálù alápá ìpele méjì kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ilẹ̀ wa. Irú rẹ̀ ni bàálù mẹ́ta tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì fi ti ilẹ̀ Íjíbítì wá sí Kánò, tí wọ́n sì balẹ̀ ní 1 November 1925. Irú rẹ̀ náà ni èyí tí ó ń gbé lẹ́tà àti èrò láti Khartoum wá sí Kánò láti 1936. Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń ṣòwò ní Kánò, òun ni ó máa ń sọ fún un bí àwọn ènìyàn ti ń sáré jáde wò ó.

Lórí tábìlì kékeré tí M ba ń gbé ọ̀dà lé ni a ti ń tò ó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà bá ti ń tú. M ba ń wò wá láti ẹ̀gbẹ́. Òun ni ó kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe tíì gbé apá òkè sórí òpó. Ó ní, “Ibi pẹlẹbẹ ni à ń lẹ tíráńsífà sí. Bí ẹ bá gbé apá náà sórí àwọn igi ẹ̀fọn yẹn tán, tí ẹ wá ń fi òwú tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò wó.” Òótọ́ ni ó sọ. Nítorí náà a kun apá òkè ní àwọ̀ ìyeyè, a tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àmì tí a ó fi sí i.

Ibẹ̀ ni ìjà ti dé.

Tíráńsífà wà nínú àpótí náà. Àmì ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ni: pupa róbótó ní àárín, funfun yí i ká, búlúù yí ìyẹn náà ká. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, àsíá orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n kọ́kọ́ kùn sára bàálù, ṣùgbọ́n láti ọ̀nà jíjìn àgbélébùú inú àsíá náà jọ àgbélébùú àwọn ará Jámánì. Ní December 1914 ni wọ́n yí i padà sí òbìrí tí wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn ará Faransé, wọ́n sì pa ipò àwọ̀ rẹ̀ dà. Ẹ rí i pé àmì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí kò bá ní àmì tí ó yéni lè kú láti ọwọ́ ará ilé rẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi ẹnu kò pé a kò fẹ́ àmì Gẹ̀ẹ́sì. Ghana ti gba òmìnira ní 1957, Nàìjíríà sì ti gba tirẹ̀ ní 1960. A ti rí bàálù Ghana Airways ní pápá òfurufú Tamale, a sì mọ̀ pé bàálù kọ̀ọ̀kan a máa ru lẹ́tà orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, VR-A ni ti Gold Coast, VR-N ni ti Nàìjíríà. Lẹ́yìn òmìnira, 9G di ti Ghana, 5N di ti Nàìjíríà. Lẹ́tà sì wà ní ìsọ̀ bàbá mi. Ọ̀rẹ́ mi ní 9G ni kí a lẹ̀, nítorí pé Tamale ni a ti tò ó. Èmi ní 5N ni, nítorí pé èmi ni wọ́n fún ní àpótí náà.

Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ náà, ṣé o kì í ṣe ọmọ Tamale ni?”

N kò rí èsì fún un. Ní Tamale ni wọ́n ti bí mi. Èdè Dagbani àti Hausa ni mo fi ń ṣeré, Yorùbá ni mo fi ń jẹun nílé. Ilà Dagomba wà ní ojú M ba, gọ̀ǹbọ́ wà ní ojú bàbá mi. Ẹni tí ó bá rí èyíkéyìí nínú wọn mọ ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní ayé ti yí, kò sì kọ ilà fún mi. Ojú mi tẹ́jú bí apá bàálù tí ó wà lórí ìwé ìròyìn yẹn.

A kó ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ M ba. Mo dábàá pé kí a lẹ 9G sí apá ọ̀tún, kí a sì lẹ 5N sí apá òsì. M ba mi orí. Ó ní, “Ṣé ẹ ti rí i kí n lẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ méjì mọ́ kẹ̀kẹ́ kan rí? Ẹni tí ó bá rà á kò ní mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́.” N kò mọ̀ nígbà náà pé òfin gbogbo ayé ni ó ń sọ. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago ní December 1944 lórí ọ̀rọ̀ bàálù sọ ọ́ kedere: bàálù kan kò lè fi orúkọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n a lè yí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ padà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. M ba mú sípóòkù méjì, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ó fi ọwọ́ bo ìdí wọn, ó ní kí a ṣẹ́ gègé. Ọ̀rẹ́ mi fa èyí tí ó gùn. 9G ni yóò jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ a fi ẹnu kò lórí T, M àti L, nítorí Tamale.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, 17 November 1969, a lẹ TML mọ́ apá bàálù náà. Ó dúró dáadáa. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a sì fi 9 àti G sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ọwọ́ wa má baà kán wọn lójú.

Ọjọ́ kejì, 18 November, ni ìjọba Ghana kéde pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n jáde kúrò nílẹ̀ náà. Iṣẹ́ kò tó àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, nǹkan sì wọ́n. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ nìyẹn. Bàbá mi kò ní ìwé àṣẹ. Láti ọjọ́ tí ó ti dé, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, 19 November, rédíò sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà méjì ti tún fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, ìgbà kejì irú rẹ̀ láyé. Ní ọjọ́ mìíràn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ì bá sọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn ń ta ọjà ọ̀kẹ́ kan ní ẹgbẹ̀rún kan, ìyá mi ń di ẹrù, bàbá mi sì jókòó níwájú ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ó ń ka sípóòkù.

Mo wá dé ibi tí ó nira fún mi láti sọ. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú èyí tí a ó lọ, mo lọ sí ìdí tábìlì M ba nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Apá bàálù wà níbẹ̀ pẹ̀lú TML. Ègé ìwé tí 9 àti G wà lórí rẹ̀ wà lábẹ́ agolo ọ̀dà. Mo sọ nínú ara mi pé bí n kò bá lè jẹ́ ti ibí yìí, bàálù náà kò ní jẹ́ ti ibí yìí. Mo mú ègé ìwé náà, mo fi sínú ìwé ìṣirò mi, mo sì lọ. Kò sí tíráńsífà mìíràn mọ́ ní ìsọ̀ wa, nítorí bàbá mi ti ta gbogbo rẹ̀.

A gba ọ̀nà Yendi wọ Tógò, a gba Dahomey kọjá, ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin láti 1975, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kún fún ènìyàn àti ẹrù. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo wa. N kò ní í sọ ìyà ọ̀nà náà, nítorí àwọn tí ó jẹ jù wá lọ pọ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ àdúgbò ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sọ mí ní ọmọ Ghana. Àmì tí mo kọ̀ fún bàálù ni wọ́n wá lẹ̀ mọ́ èmi fúnra mi, kò sì ṣí.

Ní ọdún 1971, awakọ̀ kan wá béèrè ilé bàbá mi. Owó ni ó mú wá láti ọ̀dọ̀ M ba. Bàbá mi ti fi àwọn táyà tí kò rí tà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì retí nǹkan kan. M ba tà wọ́n díẹ̀díẹ̀, ó sì fi gbogbo owó ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tí ó ní kí ẹnì kan bá òun kọ, tí iye táyà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Bàbá mi pe gbogbo ilé jọ, ó ka ìwé náà sí etí wa, ó ní, “Ẹ gbọ́ orúkọ ènìyàn.” Mo tẹ orí ba. Nínú yàrá mi, nínú ìwé ìṣirò, ni ohun tí mo jí lórí tábìlì ọkùnrin náà wà.

Mo di olùkọ́. Ègé ìwé náà bá mi lọ láti ilé-ìwé kan dé òmíràn. Ní ọdún 2014, nígbà tí àwọn ọmọ mi ti dàgbà, mo gbéra lọ sí Tamale. Àwọn orílẹ̀-èdè wa ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní Lagos ní 1975, àdéhùn 1979 sì fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan ní àyè láti wọ ìkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹni tí a fún ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde nígbà kan rí wá ní oṣù mẹ́ta láti wọlé.

Ọjà náà ti kún ju ti àtijọ́ lọ. Alùpùpù ti gba ipò kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n òórùn òrí àti irú ṣì wà bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń ta ẹ̀wù fúgù ṣì wà, ìró ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí ńlá sì ń wọ inú ọjà bí ti àtijọ́. Mo béèrè títí tí wọ́n fi mú mi dé ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà alùpùpù. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ funfun jókòó níbẹ̀. Mo kí i pé, “Dasiba.” Ó wò mí títí, kò sì dáhùn ní Dagbani. Yorùbá ni ó fi dáhùn, Yorùbá tí ó mọ́lẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Ó pẹ́ kí ẹ tó dé.”

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ pé ọ̀rẹ́ mi ti lọ ṣiṣẹ́ ní Lagos ní 1979, tí ó ń kun ọkọ̀ ní Mushin. Ní 17 January 1983, ìjọba Nàìjíríà kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún irú rẹ̀. Òun náà di ẹrù sínú àpò onílà tí gbogbo ayé wá sọ ní “Ghana Must Go,” ó sì gba ọ̀nà tí èmi gbà, ṣùgbọ́n òdìkejì ni ó kọjú sí. A jókòó, a ń wo ara wa. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tí ó lè bínú sí ẹnì kejì.

Mo yọ ègé ìwé náà, mo gbé e lé ọwọ́ rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àbúrò mi ni mo nà nítorí èyí. Mo ní òun ni ó sọ ọ́ nù. Ó sunkún, ó búra, n kò gbà á gbọ́.” M ba ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n àbúrò náà wà láàyè ní Kumasi. A pè é lórí fóònù. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ti ní ọmọ-ọmọ, nítorí ẹgba tí ó jẹ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Èmi mọ̀ pé n kò mú un. Ó dára tí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n wàyí.”

Ọ̀rẹ́ mi wá wọ ilé lọ, ó gbé agolo bísíkítì kan jáde. Ara bàálù ti fọ́, apá ìsàlẹ̀ ti sọ nù, ṣùgbọ́n apá òkè wà níbẹ̀ nínú ìwé, nítorí pé M ba kò jẹ́ kí ó gbé e sórí òpó láìní àmì. TML ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, síbẹ̀ kò ṣí. Ààyè méjì ṣófo níwájú rẹ̀.

Tíráńsífà tí ó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé bọ omi lásán. Yóò fọ́ wẹ́wẹ́ ni. A kọ́kọ́ fi fánííṣì tí kò ní àwọ̀ bo ojú rẹ̀, kí ó lè ní awọ tuntun tí yóò dì í mú, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, a po omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, a rẹ ẹ́. Ogún kò tó, a kà á dé ọgọ́sàn-án. 9 jáde ní odidi. G là sí méjì lójú wa. Ọ̀rẹ́ mi fi etí ìyẹ́ adìyẹ sún ìlàjì kan pàdé ìkejì títí wọ́n fi fẹnu kan ara wọn. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí ojú àpá náà. Ó ní kí n mú apá bàálù náà lọ sílé. Mo ní rárá, 9G ni a kọ sí i.

Kí n tó lọ, ó sọ ohun kan fún mi tí ó jẹ́ ìdí tí mo fi kọ ìtàn yìí sí ìwé ìròyìn yín. Ó ní lẹ́yìn tí a lọ tán, olùkọ́ kíláàsì wa kò fa ìlà pa orúkọ wa rẹ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ títí sáà fi parí, a máa pè wá láti inú ìwé ìpè-orúkọ, a sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan kí ó tó pe èyí tí ó kàn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Àwọn ọmọ tí ó ṣẹ́kù mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá kọ́ iṣẹ́ yìí, láìpẹ́ ìwé ìpè-orúkọ yóò wà ní ọwọ́ yín. Orúkọ àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn ti ọ̀nà jíjìn wá yóò wà nínú rẹ̀, èyí tí ó ṣòro láti pè àti èyí tí ẹlòmíràn fẹ́ kí ẹ yọ kúrò. Ẹ má fi èékánná họ ọmọ kan. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ mú un, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é. Bí ẹ bá sì na ọmọ kan nítorí ohun tí ó sọ nù, ẹ kọ́kọ́ wádìí dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ohun náà ti kọjá ibodè nínú ìwé ìṣirò ọmọ mìíràn.